Igi Mẹ́tàdínlógójì Lórí Ààlà

4.

…kì í sì í ṣe olè ni mí. Mo kàn gbin igi ni.

Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n. Tíìkì. Orí ààlà gan-an ni mo ní kí wọ́n gbìn wọ́n sí, láàrin oko bàbá mi àti oko àwọn Adétutù, ní Àgọ́-Àrẹ. Ọdún kẹfà rèé. Oyèkọ́lá àbúrò mi ló gbẹ́ ihò. Èmi Mùráínà wà ní Muwaileh, ní Sharjah nítòsí Dubai, mò ń ṣọ́ ilé alájà mẹ́jọ.

5. ẸNI TÓ KỌ́ MI

Zaman, ará Pakistan, tó ń bomi rin igi iwájú ilé náà. Ó ní lábúlé tiwọn, orí ààlà oko ni àwọn àgbẹ̀ ń gbin igi tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe ìṣáná.

“Bhai, arákùnrin mi,” ó ní, “ta ló ń gbin àgbàdo sórí ààlà? Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ni.”

6.

Èyí tí Zaman ò sọ, èmi ni mo rò ó: igi tó bá dúró lórí ààlà, oko ẹlòmíì ni ìdajì gbòǹgbò rẹ̀ ti ń jẹun.

7.

Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá mi fi bi mí pé kí ló dé.

8. ÌṢIRÒ TÍ MO KỌ SẸ́YÌN ÌWÉ ÀLEJÒ

Ilẹ̀ tó gbà lọ́wọ́ mi: díẹ̀.
Ilẹ̀ tó gbà lọ́wọ́ wọn: díẹ̀.
Òjìji àárọ̀: ọ̀dọ̀ wọn.
Òjìji ìrọ̀lẹ́: ọ̀dọ̀ mi. (Mo gbàgbé èyí nígbà tí mo ní kí wọ́n gbìn ín.)
Igi: tèmi.

9. WHATSAPP

Mi ò mọ̀ pé Adétutù náà wà ní Dubai, ó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, títí èyí fi wọlé:

“Bọ̀dá Mùráínà, ẹ kú iṣẹ́ o. Adétutù ọmọ Ìyá Olúṣẹ̀san ni. Poro àgbàdo mẹ́ta tó sún mọ́ igi yín ò yọmọ gidi lọ́dún yìí. Gbòǹgbò yín wà lóko ìyá mi, kò ní visa, kò sì san owó bedspace tí à ń sùn sí. Ẹ fún wa ní ìdajì igi, tàbí kí ẹ kó o kúrò. Mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Oud Metha lọ́jọ́ Sunday. Ẹ jẹ́ ká ríra.”

10. ÈSÌ TÍ MO KỌ TÍ MO SÌ PA RẸ́

“Gbòǹgbò ò mọ ààlà.”

“Ta ló ní kí àgbàdo yín wá sún mọ́ igi mi?”

11. ÈSÌ TÍ MO FI RÁNṢẸ́

“Ok.”

12. OHUN TÍ ADÉTUTÙ Ò MỌ̀

Ó ku oṣù méjì kí àdéhùn iṣẹ́ mi parí. Wọn ò ní tún un ṣe. Kò sí nǹkan mìíì tó ń dúró dè mí nílé àfi igi yẹn.

Agégẹdú kan láti Ṣakí ní òun á ra gbogbo rẹ̀ báyìí, kí òun fi ṣe òpó. Tí mo bá fún un ní ọdún mẹ́wàá sí i, á di pákó, á sì ju owó òpó lọ fíìfíì.

Ọdún mẹ́wàá. Èmi tí mo ní oṣù méjì.

13. OHUN TÍ A SỌ, LÓRÍ BẸ́ǸṢÌ, NÍTÒSÍ METRO OUD METHA, LẸ́YÌN ÌSÌN

ADÉTUTÙ: Ẹ ti sanra, Bọ̀dá.

ÈMI: Ìjókòó ni.

ADÉTUTÙ: Igi méjìdínlógún àti ààbọ̀ ni tiwa.

ÈMI: Báwo ni ààbọ̀ igi ṣe ń jẹ́?

ADÉTUTÙ: Apá tó kọjú sí wa.

ÈMI: Atẹ́gùn ńkọ́? Ọdọọdún ló máa ń wó àgbàdo ìyá ẹ. Ṣé ó tún wó láti ìgbà tí igi mi ti ga?

(Ó mu omi.)

ADÉTUTÙ: Ṣé a bẹ̀ yín pé kí ẹ dá atẹ́gùn dúró ni?

ÈMI: Ó ṣáà dúró.

ADÉTUTÙ: Khalas, ó parí. Tí ẹ ò bá ní pín in, ẹ gé e.

ÈMI: Gbogbo ẹ̀?

ADÉTUTÙ: Gbogbo ẹ̀!

Mo fajú ro bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn.

14. SÍ OYÈKỌ́LÁ, NÍNÚ METRO

“Òun fúnra ẹ̀ ló ní ká gé e. Pe agégẹdú. Yalla, kíákíá, kó tó yí ọkàn padà.”

15. ỌJỌ́ TUESDAY. ADÉTUTÙ FI OHÙN ÌYÁ RẸ̀ RÁNṢẸ́ SÍ MI

“Tutù, Oyèkọ́lá ní o ní kí wọ́n gé igi. Èmi rán ẹ ní ìyẹn? Mo ní àgbàdo poro mẹ́ta ò ṣe dáadáa, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ìtàkùn iṣu mi ti gun mọ́kànlá nínú igi yẹn. Ẹ̀ka rẹ̀ ni mo fi ń dáná. Mùráínà ni ò kàn mọ̀, má sì sọ fún un o.”

Adétutù kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Mo kàn fẹ́ dẹ́rù bà yín ni.”

16.

Ìtàkùn iṣu lórí mọ́kànlá. Lórí igi mi. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú.

17. ÌPÈ LÁTI OKO

OYÈKỌ́LÁ: Ẹ̀gbọ́n, agégẹdú ti dé o.

ÈMI: Ó dáa.

OYÈKỌ́LÁ: Kò dáa. Ìyá Olúṣẹ̀san ti gbé àpótí sídìí igi àkọ́kọ́, wọ́n jókòó lé e. Wọ́n gbé iṣu sísun dání.

ÈMI: Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?

OYÈKỌ́LÁ: Agégẹdú ti ń jẹ ẹ́.

ÈMI: Kí ni Ìyá Olúṣẹ̀san wí?

OYÈKỌ́LÁ: Mo ti sọ fún wọn pé ẹ ò ní pẹ́ dé, pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Ẹ má bínú. Wọ́n ní àwọn á fún yín ní igba ebè nínú oko àwọn, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní igi tí ọmọ bàbá wa gbìn, kí ó má jẹ́ pé àlejò ni yóò gé e.

18.

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé àlejò, mo tún ka ìṣirò mi.

19.

OYÈKỌ́LÁ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Wọ́n ti jẹ iṣu tán. Agégẹdú ní kí ni kí òun ṣe?

20.

Àlejò kan ń kan gíláàsì, ó fẹ́ wọlé. Adétutù ń pè lórí ìlà kejì.

Mo ní, “Ní kí agégẹdú dúró ná.”

Tàbí mo kàn rò ó ni. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìgégi lọ́hùn-ún. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ó ń dákẹ́.