Ẹ̀jẹ̀ Nazife Mọ́

"Bó o bá tún gbé ọwọ́ òsì yẹn lé itan bí ẹyẹ tó kán lápá, kayísì ni n ó sọ lù ọ́," ni Satiye wí fún ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Abẹ́ igi ọgbà ni àwọn obìnrin jókòó sí, wọ́n ń yọ kóró inú èso kayísì, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí ẹní kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Nazife fi ń ṣe é. Tó bá gbé òsì sókè díẹ̀, ńṣe ni ọwọ́ náà yóò kú tipiri.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti àyà wọ apá ló ń dà á láàmú. Iná àìsàn ń jó iṣan náà, ó ń wú, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì ń há. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń gba abẹ́rẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá kò rí iná àìsàn kankan, Satiye sì ti sọ ọ́ dorin:

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó mọ́ bí omi kànga,
Ọ̀lẹ ló ń ṣe é, kì í ṣe àìsàn,
Ẹ wá wo ìyàwó ọlọ́wọ́ kan."

Àwọn tó kù gbè é. Orin náà dùn, ká má purọ́. Ẹni tí wọ́n fi ń bú nìkan ni kò lè jó sí i.

"Màmá, abẹ́rẹ́ yẹn ló ń pa ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́nu mọ́," ni Nazife wí. "Dókítà tó kọ ọ́ fún mi kìlọ̀ pé iná lè máa jó kí ẹ̀jẹ̀ má sọ. Ó ní bí apá bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kí n tètè padà wá. Ẹ jẹ́ kí n lọ lónìí."

"Lásìkò kayísì? Ẹ̀jẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ìwọ wá di agbẹnusọ rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dúró mu tíì, Satiye gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde. Kò sẹ́ni tí í mu tíì rẹ̀ tí kì í na apá fún un. Ó wọn ti Zehra aládùúgbò, ó bá a wí nítorí iyọ̀ àjẹjù. Ó kan Nazife, ó na ọwọ́ òsì.

Ẹ̀rọ náà wú, ó fún apá, ó kùn, kò mú nǹkan kan wá. Satiye tún un ṣe. Òfo.

"Ó ti ba ẹ̀rọ mi jẹ́."

Ó so ó mọ́ apá ara rẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ó so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún Nazife. Nọ́ńbà ga débi pé Zehra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó padà sí òsì. Òfo.

Zehra di ọrùn ọwọ́ òsì náà mú, ó ń fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Satiye, kò sí nǹkan tó ń lù níbí. Ọwọ́ náà tutù."

"Tíì ni kò mu tó," ni Satiye wí, ṣùgbọ́n kò wojú ẹnikẹ́ni.

Nazife dìde, ó fi báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká ọ̀tún.

"Níbo lò ń lọ? Ta ni yóò yọ kóró èyí tó kù?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi tó mọ́ ni, Màmá. Ẹ pè é, kó wá bá yín yọ ọ́."

Ó gba ojú ọ̀nà ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú Malatya, lọ́dọ̀ dókítà rẹ̀. Satiye dá orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sẹ́ni tó gbè é.