Ègbè Láìsí Lílé

Ẹrẹ̀ gba bàtà ọ̀tún lẹ́sẹ̀ Ìyá Ègbè, ó sì gbé e mì. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékeléke, àpótí aṣọ ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kan wá bàtà nínú ẹrẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ bá ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í ṣe tirẹ̀. Bàtà ọkùnrin kan ni, ó tóbi débi pé ọmọ ọwọ́ lè sùn nínú rẹ̀. Ó jù ú nù. Ó bọ́ èyí tó kù lẹ́sẹ̀, ó jù ú tẹ̀ lé e, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ.

"Ìyá Ègbè, ẹ rọra o, ẹ ó ṣubú!" Onílù kígbe láti ẹ̀yìn.

"Ṣé ìṣubú tún kù?"

Onílù rò pé ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé láàárọ̀ yẹn, nígbà tí òun ń sùn nínú ọkọ̀ tó kó wọn bọ̀, ẹ̀gbọ́n Ìyá Ègbè ti yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n yìí, ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n bí i lé, ló ni ẹgbẹ́ orin náà. Òun ló ń lé orin, àwọn agberin á sì máa gbè é. Àwọn agberin pọ̀ nígbà kan. Ọ̀kan lọ sílé ọkọ, òmíràn lọ ṣòwò, àwọn kan bá ìjà lọ, títí ó fi ku obìnrin yìí nìkan. Òun ni ìyá, òun náà ni ègbè. Àkọ́bí rẹ̀ ṣì ń rá kòrò nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àkọ́bí ọ̀hún sì ti bímọ tirẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ náà kò gùn. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́.

"Wò ó, àbúrò mi, ojú làwọn èèyàn fi ń gbọ́ orin láyé ìsinsìnyí. Mo ti rí àwọn ọmọbìnrin kan. Tòní la ó jọ ṣe kẹ́yìn. Lọ sinmi, o ti gbìyànjú."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ẹnu ló dúpẹ́, inú kò bá ẹnu lọ. Ta ló ní ó rẹ òun? Ó ń wo ìpàkọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé pápá. Ìpàkọ́ náà ló mọ̀ jù láyé, nítorí òun ló ń wò lórí pèpéle láti ọjọ́ yìí wá. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ níbikíbi, Ẹ̀gbọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ sórí pákó. Iwájú ìlà, tirẹ̀ ni. Agberin tó bá kọjá ìlà, kó máa lọ sílé.

Òjò ti ń rọ̀ láti ìjẹta. Pápá tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin náà ti di àbàtà, àgọ́ méjì ti wó, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń wọlé. Wọ́n wé ọ̀rá mọ́rí, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ: ọlọ́kọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ jọ ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kan náà, kò sẹ́ni tó lè fi aṣọ mọ olówó.

Bí inú ṣe ń bí Ìyá Ègbè tó, kò lè di ojú. Ohun tójú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń ròyìn rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn àgbà onífèrè rì sẹ́nu ọ̀nà, kò lọ, kò bọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n dúró de katakata tí yóò fà á yọ. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní ọjọ́ orí òun kò gba kí òun máa dúró de katakata. Ni wọ́n bá sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbé fèrè sẹ́nu, wọ́n ń fun ún bọ̀ nínú ẹrẹ̀, èrò sì ń jó tẹ̀ lé wọn. Ìrìn náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n gun orí pèpéle, wọ́n ti fun gbogbo orin tí wọ́n mọ̀ tán. Wọ́n tẹríba, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ́nà kejì. Ìyá Ègbè pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á.

Ẹ̀yìn wọn ni onígìtá kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ síta. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan jó bọ̀ létí pèpéle, ẹsẹ̀ yọ̀, ó sì fi ìdí balẹ̀ sínú ẹrẹ̀, gbì! Gìtá kò dákẹ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń ta okùn, ẹrẹ̀ bo ojú rẹ̀, eyín nìkan ló funfun. Àwọn èèyàn gbé e tòun ti gìtá, wọ́n dá a padà sókè, orin kò sì já. Ìyá Ègbè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àfi bí omi náà ṣe kọ̀ tí kò dá mọ́. Irú ibi báyìí ni wọ́n ní kí òun ti lọ sinmi? Kí òun jókòó sílé kí òun máa ṣe kí ni, kí òun máa ka igun ilé?

Nígbà tó fi máa ku ẹgbẹ́ tiwọn nìkan, òjò tún le sí i. Alámòójútó pápá, ọkùnrin kan tí fèrè ọlọ́pàá wà lọ́rùn rẹ̀, sáré wá ó sì pa jẹnẹrétọ̀.

"Omi ti dé ọ̀dọ̀ wáyà!" ó pariwo. "Kò síná, kò sí máìkì. Ẹni tó bá fẹ́ kọrin kó fi ọ̀fun tí Ọlọ́run fún un kọ ọ́!"

Ìyá Ègbè àti Onílù lọ bá Ẹ̀gbọ́n nínú ọkọ̀. Funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀, bàtà rẹ̀ náà funfun, ó gbé e lé orí ìjókòó kó má baà dọ̀tí.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó ní. "Èmi kì í kọrin fún ọ̀pọ̀lọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn èèyàn yẹn ò tíì lọ o. Orin Òkè yín tó wà lórí rédíò ni wọ́n ń pariwo pé àwọn fẹ́ gbọ́."

"Òjò á lé wọn."

"Òjò ìjẹta ò lé wọn."

Ẹ̀gbọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ lásán tó kún fún ẹrẹ̀. "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ṣé mi ò ti ní kó o lọ sinmi ni?"

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ì bá kúnlẹ̀, ì bá bẹ̀bẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Tòní lẹ ní a ó jọ ṣe kẹ́yìn," ó wí. "Òní ò sì tíì tán."

Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, ó yí padà, ó kọrí sí pèpéle.

Onílù ń sáré tẹ̀ lé e. "Ìyá Ègbè, ẹ̀gbọ́n yín á bínú o!"

"Kó bínú. Kí ló máa ṣe? Ṣé ó máa tún mi yọ ni? Láàárọ̀ yìí ló yọ mí, búrẹ́dì wà lẹ́nu ẹ̀."

Onílù dúró. Ó wo ọkọ̀, ó wo obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ó gbé ìlù rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó ò pa, kó máa dúpẹ́," ó sọ, ó sì bá a lọ.

Kò sí ìlà ṣọ́ọ̀kì lórí pákó lọ́jọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n kò jáde wá fà á. Ìyá Ègbè kò mọ ibi tó yẹ kí òun dúró sí, ó sì ń lọ títí pèpéle fi tán. Ibẹ̀ ló ti rí wọn. Kò rí ojú èrò báyìí rí. Ìpàkọ́ Ẹ̀gbọ́n ló máa ń dí i. Àwọn wọ̀nyí wá gbé ojú sókè sí i, ojú tó tutù, ojú tó ń dúró de nǹkan. Lílé orin náà kò ṣòro. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n títí ó fi sú u: *Òkè yìí ga o, ta ni yóò bá mi gùn ún?* Ó mí kanlẹ̀. Ó la ẹnu.

"*Èmi nìyí, èmi nìyí, mo wà lẹ́yìn rẹ!*"

Yéè! Ègbè ló bọ́ jáde. Ọ̀fun tí kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn ju ìdáhùn lọ ti dáhùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pè é. Ọwọ́ Onílù dúró lójú ìlù. Ojú ti Ìyá Ègbè débi pé ó wo ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ó ń rò ó bóyá ó jìn tó láti bo èèyàn. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bóyá òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń sọ. Bóyá ẹ̀yìn náà ni àyè òun.

Obìnrin kan wà níwájú, ó pọn ọmọ, ó fi ọ̀rá dúdú bo ọmọ àti ara rẹ̀. Òun ló gbé orí sókè tó ju lílé náà sókè sí i:

"*Òkè yìí ga o, ta ni yóò bá mi gùn ún?*"

Ohùn obìnrin náà kò dára, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n ó lé e, ó sì ń dúró de èsì. Ìyá Ègbè dá a lóhùn kó tó ronú. Nígbà kejì, gbogbo àwọn tó wà níwájú ló lé e. Nígbà kẹta, odindi pápá ni. Wọ́n ti gbọ́ orin náà lórí rédíò tó, ó ti di tiwọn. Wọ́n á lé e bí ààrá, wọ́n á sì dákẹ́ lọ́lọ́, òjò nìkan lá máa dún, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ẹnì kan ṣoṣo.

Kò sẹ́ni tó dákẹ́ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ ń dùn, inú sì ń bí i, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Onílù ti ń lu ìlù bí ẹni tí wọ́n tún bí. Nígbà tí wọ́n tún bi í pé ta ni yóò bá àwọn gùn ún, ó sọ ọwọ́ méjèèjì sókè:

"*Èmi nìyí, èmi nìyí, ẹ wò mí dáadáa!*"

Pápá hó yèè. Ẹnì kan ju bàtà rẹ̀ sókè.

Ariwo yẹn ló mú Ẹ̀gbọ́n jáde. Ìyá Ègbè rí i lọ́ọ̀ọ́kán, aṣọ funfun tó ń tiro bọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń fa ẹsẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gun pèpéle, funfun náà ti tán títí dé itan. Àwọn èèyàn kí i, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó lọ tààrà síwájú àbúrò rẹ̀, ó dúró bó ṣe máa ń dúró, ó gbé ọwọ́ sókè, ó la ẹnu láti lé orin.

Èrò ti lé e ṣáájú rẹ̀. Ó dúró de ìgbà tó kàn, ó sì tún gbìyànjú. Ohùn pápá gbé tirẹ̀ mì. Kò sí àyè kankan nínú lílé náà fún un. Ohun tó ṣẹ́kù lórí pèpéle kò ju ègbè lọ. Ẹ̀gbọ́n, tí kì í gbà kí ojú ti òun, wá bọ́ sínú ègbè.

"*Èmi nìyí…*"

Ó dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ ń mì bí ti ẹni tó pẹ́ dé ibi àdúrà. Ó wo iwájú, ó wo Onílù, lẹ́yìn náà ó yí ojú padà, ó wo àbúrò rẹ̀.

Ìyá Ègbè kọ́kọ́ rò pé òjò ló mú un lóhùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e. Kì í ṣe pé Ẹ̀gbọ́n gbàgbé; kò mọ̀ ọ́n rí ni. Gbogbo ìgbà tí òun bá ń gbè, òógùn ni Ẹ̀gbọ́n ń nù, omi ló ń mu, àwọn èèyàn ló ń juwọ́ sí. Ó ti bi òun ní ìbéèrè yẹn lórí gbogbo pèpéle tí wọ́n jọ gùn, kò sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìyá Ègbè kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí pápá tún lé e, ó rọra kọ èsì náà ketekete, kí Ẹ̀gbọ́n lè gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kàn, kò dúró dè é mọ́.