Bẹ́ńṣì Opó

Ní abúlé wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ńṣì ni a ń pe ilé àti ilẹ̀ tí ọkọ bá kú fi sílẹ̀ fún opó. Àwọn àgbà sọ pé láti ara bẹ́ńṣì ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ààrò ni orúkọ náà ti wá: ikú lè mú baálé lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé ìyàwó dìde níbi tó ti ń yáná. Bí opó bá wá gba ọkùnrin mọ́ra, ó pàdánù bẹ́ńṣì rẹ̀ nìyẹn, àfi tó bá gun àgbò dúdú wọ ilé ẹjọ́, tó kọjú sí ìrù, tó sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wa. Kò sí obìnrin tó ṣe é rí. Ta ló fẹ́ irú ẹ̀sín bẹ́ẹ̀?

Ohun tí Ambrose Pybus gbójú lé nìyẹn. Opó ni Thomasin; àbúrò ọkọ rẹ̀ tó dolóògbé ni Ambrose, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ni. Kì í wọlé ìsìn àfi tí gbogbo wa bá ti jókòó tán, kí ìyẹ́ orí fìlà rẹ̀ má baà kọjá láìrí ẹni wò ó. Bí Thomasin bá pàdánù bẹ́ńṣì, òun ni ilẹ̀ kàn. Ó fẹjọ́ sùn pé àwọn èèyàn rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó ń jáde nílé opó ní ìdájí. Lẹ́yìn náà ló ra gbogbo àgbò dúdú àgbègbè wa, ó kó wọn fún alápatà. Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, tirẹ̀ gan-an. Ìwo rẹ̀ ti gba ẹ̀bùn lọ́jà ọdọọdún, kò lè pa á.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Ambrose ń bá aṣojú onílẹ̀ tó ń dá ẹjọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí ariwo sọ níta.

"Ẹ yàgò lọ́nà! Ìyá ń bọ̀ o!"

Thomasin gun àgbò wọlé, ó di ìrù rẹ̀ mú gírígírí.

"Àgbò mi nìyẹn!"

"Mo yá a ni, ọkọ mi kékeré. Ṣebí ìwọ lo fi ibi tí o ń kọ́ kọ́kọ́rọ́ ọgbà sí hàn mí."

Àwọn obìnrin ń fi aṣọ di ẹnu. Aṣojú onílẹ̀ wúkọ́. "Jẹ́wọ́, ìyá."

"Mo ṣẹ̀. Ọkùnrin kan wá sunkún lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ mi. Mo bá a nu omijé, n ò sì mọ ibi tó yẹ kí n dúró."

"Dárúkọ rẹ̀. Àṣà wa nìyẹn."

Ambrose, tó máa ń rán wa létí àṣà abúlé wa lójoojúmọ́, ti gbàgbé apá ibẹ̀.

"Ẹ bá mi yí ẹran yìí padà," ni Thomasin wí. "Mo fẹ́ máa wò ó lójú."

Wọ́n yí i padà.

"Ẹ̀yìn Ambrose lẹ rí. Kò dé fìlà lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi dá a mọ̀."

"Irọ́ ni!"

"Kì í ṣe irọ́," ni Jennet ìyàwó Ambrose sọ láti ẹ̀yìn. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tó délé ní ìdájí ọjọ́ náà."

Wọ́n dá bẹ́ńṣì padà fún Thomasin. Ìyà ti Ambrose ni kí ó dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi láìwọ bàtà, láìdé fìlà, pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́ àti aṣọ funfun lára. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìsìn bẹ̀rẹ̀, àlùfáà rí i pé eku ti jẹ aṣọ funfun ìrònúpìwàdà ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú Ambrose tàn.

Thomasin dìde, ó mú aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun kan jáde nínú agbọ̀n rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a dáadáa.

"Ẹ lo tèmi, Bàbá. Aṣọ yìí mọ ara Ambrose dáadáa."

Ó wá lọ jókòó ní ìjókòó iwájú, ní àyè Ambrose, ó sì tún yẹ̀rì rẹ̀ tò.