Ohùn Folúkẹ́ Tí Wọ́n Yọ Dànù

Èmi ò lè bó ọsàn kí n má kọrin. Gbogbo Fìdítì ló mọ̀ mí sí i. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wa ni èmi àti Josephine ti jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì: òun á dá a, èmi á gbè é.

Orin tí èmi àti Folúkẹ́, àbúrò mi tó ti kú, jọ kọ wà nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn Folúkẹ́ kù sí. Àwọn ọmọ ìjọ ń fi fóònù gbọ́ ọ láti ilé wọn, títí dé Ìwàrè, wọ́n sì ń gbọ́ ọ ju ti Josephine lọ.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà ń wọ́, mẹ́mọ́rì rẹ̀ kún. Josephine wá bá mi, ó ní Olúbọ̀dé ọmọ òun, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, sọ pé orin wa ló kún un, àfi ká yọ ọ́. Mo gbà á gbọ́. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, mo tiẹ̀ fi ṣe orin: Ẹ gbà á, ilé Olúwa ló ṣáájú o.

Wọ́n yọ ọ́ tán, ẹ̀rọ ò yéé wọ́. Tolú, ọmọọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ọ̀yọ́, wá wò ó. Ó ní ẹni tó bá ti fẹ́ gbọ́ orin, ẹ̀rọ á ya ètò kan sọ́tọ̀ fún un. Orin kan náà ni gbogbo ètò wọ̀nyẹn jọ ń lò, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àtẹ tirẹ̀ tó ń júwe ibi tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ègé tí ẹ̀rọ gé orin sí, wà, inú mẹ́mọ́rì náà ni àtẹ ń gbé. Mo ní ó yé mi: bí akọrin kọ̀ọ̀kan bá gbé ìwé ńlá tirẹ̀ wá nítorí orin kan ṣoṣo, ìwé á gba bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ wọn. Tolú rẹ́rìn-ín, ó sọ ojú ewé di ńlá kí àtẹ lè kúrú, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo bi Olúbọ̀dé bóyá kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó wolẹ̀. “Mo mọ̀, Mà. Mo sọ fún Màámi pé àwọn àtẹ ló ń jẹ mẹ́mọ́rì. Wọ́n ní kí n ṣáà yọ orin yín.”

“Ṣé orin náà ṣì wà níbì kan?”

“Kò sí mọ́, Mà.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Josephine dìde, ó dá orin, ó yíjú sí mi kí n gbè é. Orin náà dùn, ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó tún un dá. Mo pa ẹnu dé, mo ń wò ó.