Orúkọ Tó Wà Lórí Fọ́ọ̀mù

"Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù nìkan ni kó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ o! Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù!"

Bí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ṣe pariwo báyìí, àyà Àbúrò já. Ó wo Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó tún wo ẹ̀rọ ìránbàtà méje tí wọ́n tò sí àgbàlá, tí wọ́n sì fi okùn yí ká. Ìjọba fẹ́ fi wọ́n ta àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́rẹ, àmọ́ wọ́n ti gbọ́ pé àwọn kan tí kò mọ bàtà kankan àfi èyí tó wà lẹ́sẹ̀ wọn náà ti gba fọ́ọ̀mù. Ni wọ́n bá ní kí kálukú wá rán awọ méjì pọ̀ níṣojú àwọn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ó ti di ọdún mẹ́ta tí ojú Bọ̀dá ti ń ṣe bàìbàì. Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, Àbúrò ló ń gé awọ, òun ló ń lẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń fọwọ́ rán an. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún un pé bí kò bá rí ẹ̀rọ tí á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ ọ̀hún ò fi ní lè di ṣíbí mú. Bọ̀dá ní tiẹ̀ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa bá oníbàárà ṣàwàdà, wọn á sì máa yìn ín pé ọwọ́ ẹ̀ ò tíì rọ̀. Bí wọ́n bá ń ròde, Àbúrò á ṣíwájú, á máa sọ̀rọ̀ sókè: "Ẹ ò rí i bí gọ́tà yìí ṣe fẹ̀!" Bọ̀dá á sì gbẹ́sẹ̀ gígùn. Wọn ò fẹnu kàn án láàárín ara wọn rí.

Àbúrò fúnra rẹ̀ ló kọ fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ọ̀gá, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ Bọ̀dá ló kọ. Ta ló ń fi àbúrò ṣíwájú ẹ̀gbọ́n? Ta ló tiẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́? Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni, Àbúrò náà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é, kò sì dùn ún rí. Òní ló kọ́kọ́ dùn ún.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn," ó rọra sọ ọ́ sétí rẹ̀.

"Ká sọ kí ni?"

"Pé... pé ara yín ò yá."

"Ara mi le koko. Jókòó jẹ́ẹ́."

Jẹ́ẹ́ kẹ̀! Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ṣé èèrà ń jẹ ọ́ nídìí ni?" ìyá kan tó ń ṣe báàgì awọ bi í. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń ṣe bàtà kí wọ́n tó bí akọ̀wé yẹn. Kí ló ń já ọ láyà?"

Wọ́n pe Bọ̀dá. Àbúrò sáré ṣíwájú. "Ilẹ̀ ibí yìí mà rí gbágungbàgun o!" Bọ̀dá tẹ̀lé ohùn rẹ̀ títí ó fi kan àga.

"Àǹtí, ẹ padà sẹ́yìn okùn," akọ̀wé sọ.

Bọ̀dá fi àtàǹpàkò wá ojú abẹ́rẹ́. Òwú gba ọ̀tún kọjá, ó gba òsì kọjá. Ó fi itọ́ rin òwú náà, ó tún gbìyànjú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wo aago.

"Bàbá, ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ṣá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àbúrò dé egungun. Bọ̀dá? Bọ̀dá tó kọ́ ìdajì àwọn tó wà ní àgbàlá yìí níṣẹ́! Inú bí i sí akọ̀wé, inú bí i sí Bọ̀dá, àmọ́ ara rẹ̀ gan-an ló bínú sí jù. Kó tó mọ̀, ó ti fo okùn.

"Ẹ má kọ nǹkan kan! Òun ló kọ́ mi, àmọ́ èmi ni mo ń rán bàtà."

"Orúkọ yín kọ́ ló wà níbí. Bí ẹnikẹ́ni bá lè fò wọlé báyìí, kí la wá ń yẹ̀ wò? Àfi kí ọ̀gá fúnra wọn sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-anyàn-an. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bọ̀dá. Ìtìjú bo Àbúrò, ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ó ti tú àṣírí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síta. Bí Bọ̀dá bá wá sẹ́ ńkọ́?

Bọ̀dá gbé òwú kalẹ̀ sórí awọ.

"Ọmọ mi," ó sọ fún akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ibòmíì ló kọjú sí, "n ò rí ojú abẹ́rẹ́. Ìwọ gan-an, n ò rí ọ. Ọdún mẹ́ta rèé tí n ò rán bàtà kankan. Gbogbo èyí tí wọ́n ń yìn mí sí, iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò mi yìí ni. Òun ni ọ̀gá. Kọ orúkọ ẹ̀."

Akọ̀wé fa orúkọ kan rẹ́, ó sì kọ òmíràn sí i.

Bọ̀dá dìde. Àbúrò ti la ẹnu láti tún kígbe nípa ilẹ̀ gbágungbàgun, àmọ́ Bọ̀dá mi orí. Níṣojú gbogbo èèyàn, ó na ọwọ́ sí i.

"Mú mi dé bẹ́ńṣì, kó o padà wá ṣiṣẹ́ ẹ."

Àbúrò mú un lọ́wọ́, wọ́n sì rọra ń rìn. Nígbà tó padà jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó kọ́kọ́ fi etí ọwọ́ aṣọ rẹ̀ nu omijé kí òun náà tó lè rí ojú abẹ́rẹ́.