Adìẹ Milo, Yàrá Gíláàsì Glenn

Ẹni tó bá sọ fún yín pé èmi Verna Kuchar máa ń di kùnrùngbùn sínú, òótọ́ ló sọ. Bí ẹ bá ṣẹ̀ mí nígbà òtútù, ẹ má rò pé tí yìnyín bá ti yọ́, ọ̀rọ̀ náà á bá a yọ́. Gbogbo ìlú Vesely ló mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìlú yìí ni mo ti ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ tó jí búrẹ́dì mú nínú kíṣìnnì mi tí mo gbàgbé ojú rẹ̀. Ó yẹ kí Glenn Dunlavey aládùúgbò mi ti béèrè mi lọ́wọ́ àwọn èèyàn kó tó fọwọ́ kan adìẹ ọkọ mi.

Milo lọkọ mi. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú, ó mú apá ọ̀tún, ó sì mú ohùn lọ. Milo tó jẹ́ pé tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa àgbàdo àti òjò, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ á máa wá ọ̀nà sá lọ! Ó wá di ẹni tó ń jókòó sórí àga onítáyà, tó ń wo ẹnu mi. Dókítà ní ohùn lè padà, ó sì lè má padà. Kí ni mo fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí oòrùn ti ń mú díẹ̀díẹ̀, mo tì í jáde sí ẹ̀yìnkùlé, sẹ́bàá ilé adìẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, kí n lè ráyè sá aṣọ. Mo wọlé lọ gbé ìyókù aṣọ. Bí mo ṣe ń jáde bọ̀ ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Agnes." Apẹ̀rẹ̀ aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Agnes ni adìẹ pupa wa tó lágídí jù. Milo ló pè é! Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti ń pe àwọn adìẹ yòókù, Dora àti Mitzi, ó tiẹ̀ ń sọ fún Babka pé, "Má tì í." Mo sunkún débi pé mo fi aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ nu imú.

Kò tíì pe orúkọ mi ṣá o. Ṣùgbọ́n mi ò kánjú. Mo ní, ẹni tó bá ti lè pe Babka, ó pẹ́ ni, ó yá ni, á kàn mí. Gbogbo àárọ̀ ni mo ń gbé e síbẹ̀, tí màá wọlé lọ po kọfí, tí màá sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé bó ṣe ń lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ohùn yẹn jẹ́ fún mi.

Ní ti òfin, a ò rú òfin kankan. Ìlú wa gbà kéèyàn sin àgbébọ̀ díẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Wọn ò fẹ́ àkùkọ, nítorí ariwo, wọ́n sì ní ilé adìẹ gbọ́dọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ilé aládùúgbò. Milo ti fi téèpù wọ̀n ọ́n kó tó kan ìṣó kan. Òfin kejì wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: tó o bá ń sin adìẹ, o gbọ́dọ̀ máa fi ẹyin ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Ẹni tó ń jẹ ẹyin rẹ kì í fẹjọ́ rẹ sun ìlú. Láti ọjọ́ tí Glenn àti ìyàwó rẹ̀ ti kó dé láti ìlú ńlá Omaha ni wọ́n ti ń jẹ ẹyin wa, páálí òfìfo ló sì máa ń padà wá sórí ọgbà.

Ọ̀gá báńkì ni Glenn kó tó fẹ̀yìn tì. Leona ìyàwó rẹ̀ ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń fa afẹ́fẹ́ símú. Ọdún tó kọjá ni Glenn àti àna rẹ̀ kọ́ yàrá gíláàsì mọ́ ara ilé wọn, ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa gan-an. Látàárọ̀ dalẹ́ ni Leona máa ń jókòó síbẹ̀, tó ń wò wá bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bí mo bá ń sá aṣọ, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí i.

Lọ́jọ́ kan ni Glenn wá síbi ọgbà, ó fọwọ́ di imú.

"Verna, òórùn adìẹ yín ti ń wọ yàrá wa."

"Ó mà ṣe o," ni mo wí. "Ẹyin wọn kì í rùn nígbà tó o bá ń dín in, àbí?"

"Mi ò bá ẹ ṣeré o."

"Èmi náà ò ṣeré. Gíláàsì lo fi kọ́lé, ti fèrèsé."

Ó yíjú padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Brent Sladek, ọmọ tó ń ṣàyẹ̀wò fún ìlú, wọ ẹ̀yìnkùlé mi pẹ̀lú téèpù. Ọmọ yìí jẹ ọ̀dùnkún lọ́wọ́ mi nígbà tí ikun ṣì wà nímú rẹ̀. Ó wọ̀n láti ilé adìẹ dé ara gíláàsì, ó sì ń họ orí.

"Kò tó, mà."

"Kí ni kò tó? Ọkọ mi ló wọ̀n ọ́n."

"Nígbà yẹn, mà, ara bíríkì ni ilé wọn parí sí. Ní báyìí, ara gíláàsì ló parí sí. Ara ilé ni òfin sì ní ká ti wọ̀n."

"Brent, wò mí dáadáa. Ṣé ilé adìẹ mi ló rìn?"

"Rárá, mà."

"Ilé Glenn ló rìn wá bá adìẹ níbi tó wà, adìẹ ló wá jẹ̀bi?"

"Bí òfin ṣe wí nìyẹn, mà. Ẹ má bínú. Àfi tí Ọ̀gbẹ́ni Dunlavey bá fọwọ́ sí i pé òun fara mọ́ ọn."

Àwa méjèèjì wo Glenn, tó dúró lẹ́yìn gíláàsì. Ó mi orí pé rárá. Leona ń fà á láṣọ, ẹnu rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n gíláàsì ò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Mo ní àwọn méjèèjì ti jọ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé wa tóóró. Kò síbi tí mo lè sún ilé adìẹ sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní oko lẹ́yìn ìlú wá fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn lọ. Milo ń wò wọ́n, ó ní, "Agnes, Agnes," títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbé e jáde mọ́. Kí ló tún kù níbẹ̀ tó fẹ́ wò? Iwájú tẹlifíṣọ̀n ni mo ń gbé e sí. Ẹnu rẹ̀ sì pa dé.

Ẹ ò mọ bí ilé ṣe máa ń dákẹ́. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi àwòrán adìẹ hàn án. Kò sọ nǹkan kan. Inú mi wá gbóná. Àwọn àgbà ní adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Adìẹ gan-an ni oògùn tèmi, Glenn ló sì dà á nù. Mo ní, ó dáa. Òfin lo fi mú mi, òfin náà ni màá fi mú ẹ.

Mo lọ sílé ìkàwé, mo ní kí wọ́n kó gbogbo òfin ilé kíkọ́ ìlú Vesely fún mi. Mo kà á, mo tún un kà. Mo sì rí i. Ẹni tó bá máa so yàrá mọ́ ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìlú, yàrá náà ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọgbà jù. Mo mú téèpù Milo, mo lọ síbi ọgbà lọ́sàn-án gangan, mo nà án dé ara gíláàsì. Ó sún mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ dáadáa! Mo bi Brent bóyá Glenn gbàṣẹ. Ó wolẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí adìẹ ti lọ.

Nílùú wa, tí ìgbìmọ̀ ìlú bá ń ṣèpàdé, ẹnikẹ́ni lè bọ́ sídìí máìkì, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ tẹnu rẹ̀. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi lọ. Gbọ̀ngàn kún, torí mo ti pariwo káàkiri.

"Yàrá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé adìẹ ọkọ mi kúrò nílùú," ni mo wí, "kò yẹ kó wà níbẹ̀. Kò gbàṣẹ. Ó ta ko òfin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi téèpù mú adìẹ, ẹ fi téèpù kan náà mú Glenn."

Glenn dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. "Verna, jọ̀ọ́, ìyàwó mi..."

"Èmi náà lọ́kọ," mo dá a lóhùn.

Ìgbìmọ̀ ní kó wó o kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ dé, mo gbé àga síta, mo po kọfí, mo yan kolache, àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń fi èso sí láàárín, mo sì jókòó. Gbogbo gíláàsì tí wọ́n ń yọ, bíi pé wọ́n ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ mi ni. Inú mi dùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Pákó lásán ni wọ́n kàn dí ojú ihò tó ṣẹ́ kù lára bíríkì. Mi ò rí Leona.

Brent wá tún un wọ̀n, ó ní adìẹ lè padà. Wọ́n kó wọn dé. Mo wọ ẹ̀wù tó nípọn fún Milo, mo tì í síbi tó máa ń wà.

"Milo, wo Agnes. Wò ó, Babka ti sanra."

Kò wo Agnes. Ojú pákó yẹn ló ń wò. Mo ní bóyá òtútù ni. Lọ́jọ́ kejì, pákó. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, pákó. Babka gun ẹsẹ̀ rẹ̀, kò bojú wolẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ni Glenn yọ síbi ọgbà, ó mú fìlà àti ìwé lọ́wọ́.

"Mi ò wá bẹ̀ ẹ́ tìtorí ara mi," ló wí. "Mo fẹ́ tún yàrá yẹn kọ́, kí n gbàṣẹ. Ìlú ní àfi kí ẹ̀yin fọwọ́ sí i."

"O ò tíì jí lójú oorun. Lọ sùn padà."

"Verna, Leona ò jẹun mọ́. Yàrá tó kọjú sí títì ló wà. Àárọ̀ gbogbo ló ń bi mí pé, ṣé wọ́n ti gbé Milo jáde."

"Kí ló kàn án pẹ̀lú Milo?"

Ó wò mí bíi pé ara mi ò yá. "Ṣé o ò mọ̀ ni? Tó o bá ti wọlé lọ po kọfí, á ṣí fèrèsé. Á rọra fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní, 'Milo, èwo nìyẹn? Èwo ló ń ja ìjà?' Títí Milo á fi dá a lóhùn. Òórùn yẹn ń pa á lẹ́dọ̀fóró, kò sì gbà kí n ti fèrèsé. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo rò pé tí adìẹ bá lọ, á tì í. Ó bẹ̀ mí kí n má ṣe é."

"Irọ́ lò ń pa."

Àga onítáyà dún lẹ́yìn mi. Milo ti na ọwọ́ òsì sí pákó yẹn.

"Leona," ló wí.

Ó já gaara. Kì í ṣe Agnes. Kì í ṣe Verna. Mo ti bá ọkùnrin yìí sùn, mo ti bá a jí, mo ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, orúkọ ìyàwó Glenn ló fi ṣí ẹnu. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Glenn ń wo ilẹ̀.

"Mú bírò wá," mo wí. "Tìẹ ló máa ṣáájú. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé o fara mọ́ ọn kí adìẹ wà níbi tó wà, yàrá ì báà sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i lórí igi ọgbà. Èmi náà wá fọwọ́ sí tèmi, mo tẹ bírò mọ́ ọn débi pé ìwé ya.

"O ṣé, Verna."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò dárí jì ẹ́."

Gíláàsì ti padà síbẹ̀. Mo máa ń gbá ilé adìẹ mọ́ ní ìdájí báyìí, kí òórùn rẹ̀ má baà pọ̀. Tí mo bá ti wọlé lọ po kọfí, màá gbọ́ tí fèrèsé wọn ṣí, ohùn méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀. Milo ń pe gbogbo adìẹ. Ó ń pe Leona. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pe Glenn, Glenn tí mo kórìíra yẹn, ó ní, "Glenn, o kú àárọ̀." Mo dúró lójú fèrèsé kíṣìnnì pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, mò ń retí tèmi.