Ẹ Kú Ìsinmi

"Ẹ kú ìsinmi o, Ìyá Abẹ́rẹ́!"

Ohun tí akápò ilé ìwòsàn kọ́kọ́ fi kí nọ́ọ̀sì náà nìyẹn, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé òkè, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ni wọ́n ń kí kú ìsinmi. Ìsinmi wo? Àrùn tó gba ayé kan ló mú un lẹ́nu iṣẹ́, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn tí ọmọ bíbí inú wọn gan-an ń sá fún.

Kì í sì í ṣe ẹnu lásán ni akápò fi sọ ọ́. Ìsinmi náà ló pe àìsàn nọ́ọ̀sì náà nígbà tó ń yọ lára owó oṣù rẹ̀. Ọkọ Ìyá Abẹ́rẹ́ wá ń fara pamọ́ fún onílé báyìí torí owó ilé.

"Akápò, àìsàn ló ṣe mí, níbí yìí ni mo sì ti kó o."

"Ta ló mọ̀? Bóyá ọjà lẹ ti kó o."

Háà! Inú bí Ìyá Abẹ́rẹ́ dé góńgó. Ṣebí ọkùnrin yìí náà, tí wọ́n sọ ní Ẹ-rọra-ná-an, ló ní ìbòmú ti wọ́n jù? Èyí tó yẹ kí wọ́n lò lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sọ nù, ó ní kí wọ́n máa fọ̀ ọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí ó fi dà bí asẹ́. Àìsàn wá gbé àwọn nọ́ọ̀sì ṣánlẹ̀, wọ́n ti yàrá ìgbẹ̀bí pa, wọ́n ń fi ìlọ́po owó oṣù bẹ àwọn àjèjì wá ṣiṣẹ́. Owó tí ahun ò fẹ́ ná, àìsàn bá a ná an, ó tún gba èlé!

"Inú ike kan náà lèmi àti ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ti ń fọ ìbòmú yẹn," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. "Òun ti lọ sinmi ní tòótọ́. Inú sàréè ló wà. Ṣé ẹ ti yọ owó tirẹ̀ náà?"

Akápò ṣí ìwé owó oṣù wò. Ó ti yọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó, ẹ sinmi díẹ̀ ná."

"Kí n sinmi? Kí ẹ tún lè rí èyí tẹ́ ẹ máa yọ?"

Ó dúró tì í gbọn-in, ikọ́ ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, títí akápò fi pe akọ̀wé pé kó dá owó Ìyá Abẹ́rẹ́ padà, kó pa "ìsinmi" rẹ́, kó kọ "àìsàn ẹnu iṣẹ́" síbẹ̀.

Akápò nu òógùn ojú. "Ó parí, àbí?"

"Ó ku ti ọ̀rẹ́ mi," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Òun ò lè gun àtẹ̀gùn wá bá yín mọ́."